Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni o

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síbi tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì l'Ábẹ́òkúta níbí á ti rí i. Ta ni ò tíì gbọ́ "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí" rí nínú wa? Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí, ẹ lọ béèrè owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe parí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí, ẹ padà wá lọ́la. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèmi ń ṣe níléeṣẹ́ kan ní apá Ìbarà, èmi gan-an sì máa ń sọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó kọjá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Lotus Notes la fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní kí nìyẹn, ó ti pẹ́ gan-an, ọdún 1989 ló ti jáde, Ray Ozzie àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe é, IBM wá ra iléeṣẹ́ Lotus lọ́dún 1995, lọ́dún 2019 ó tún bọ́ sọ́wọ́ HCL ti ilẹ̀ Íńdíà, HCL Notes ló ń jẹ́ báyìí, Domino sì ni wọ́n ń pe server ẹ̀, ìyẹn èyí tó wà láàárín tí kọ̀ǹpútà gbogbo wa ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Lotus la ṣì ń pè é lọ́dọ̀ tiwa bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo. Íméèlì nìkan kọ́ ló wà fún. Èèyàn lè kọ áàpù sínú ẹ̀, ti ìsinmi òṣìṣẹ́, ti ẹrù inú sítọ́ọ̀, ti mémò owó. Ohun tó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípé, tìtorí ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò ti dáa gan-an ló ṣe wúlò, torí o lè da gbogbo ẹ̀ kọ sórí láptọ́ọ̀pù ẹ, kóo máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rárá, tó bá wá dé, tìẹ àti ti server á gba ohun tuntun lọ́wọ́ ara wọn. Ṣé irú ẹ̀ la wá ń fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bò lójú?

Ẹ̀gbọ́n kan lọ́fíìsì wa ló kọ áàpù tí mémò owó sísan ń gbà kọjá. Ẹni tó kọ mémò á fi ránṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka á fọwọ́ sí i, ó di akáńtì. Àwọn èèyàn ò mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló ń gbé e láti tábìlì dé tábìlì o, agent kan ni wọ́n kọ sínú ẹ̀, bí ọmọ ọ̀dọ̀ báyìí, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń yípo, á kó èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí, á gbé e síwájú, á fi íméèlì jíṣẹ́ fún ẹni tó kàn. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìntì lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a ya fọ́tò. Ọ́fíìsì ní kí n ti ojú ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n tó bá di aago márùn-ún, mo sì fi orúkọ wọn sínú àwọn tí server ò gbọ́dọ̀ gbà wọlé mọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe náà nìyẹn, mo ṣì máa ṣe é lọ́la.

Mọ́ńdè dé, mémò kankan ò kúrò lójú kan. A ò tètè fura, torí kálukú rò pé tábìlì ẹnìkejì ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú tó kó aṣọ òpin ọdún fún wa ló kọ́kọ́ pariwo, wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, gbogbo ìgbà la sì ń sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọmọkùnrin kan tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù ẹ̀. "Èyí tó ń wò yẹn ńkọ́, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló fi ń wò ó ni?" Ojú tì mí.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ wo ohun tí server ń kọ sílẹ̀. Ó ti ń wí tipẹ́, a ò kà á ni, pé ẹni tó fọwọ́ sí agent yẹn kò láṣẹ mọ́. Ẹ rí i, agent kì í dá rìn. Ẹni tó bá ṣe é tàbí tó tún un ṣe gbẹ̀yìn, ìbuwọ́lù onítọ̀hún ló wà lára ẹ̀, àṣẹ onítọ̀hún ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo ti Ẹ̀gbọ́n síta, mo ti ọmọ ọ̀dọ̀ wọn náà mọ́ ọn.

Mo bá fi ID tèmi, fáìlì tí server fi ń dá mi mọ̀, buwọ́ lù ú. Ló bá gbéra! Mémò ń fò, èmi náà ń yan káàkiri ọ́fíìsì, mo ti pe Màmá pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ti kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àṣé template kan, ìyẹn àwòṣe, wà nísàlẹ̀ tí áàpù yẹn ti ń jogún, aago kan òru ni server máa ń lọ wo template, tó bá rí i pé nǹkan yàtọ̀, á fi ti template rọ́pò. Ìbuwọ́lù Ẹ̀gbọ́n ló wà lára template. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sàn-án, òru ló gbà á lọ.

Ohun tó yẹ ni ká dá ID kan sílẹ̀ tí kì í ṣe ti ènìyàn kankan, ká fi buwọ́ lu template àti áàpù pọ̀, kó máa jẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹni tó bá wù kó kúrò. Ká tó lè dá ID, ó di dandan ká ní fáìlì certifier, òun lèdìdì tí wọ́n fi ń forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Inú fúláàṣì kan la ti rí i, nínú dúrọ́ọ̀ Ẹ̀gbọ́n, lábẹ́ páálí tíì. Páásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ ńkọ́? Orí wọn ló wà. Wọ́n sì ti lọ sóko wọn lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, a pè, a pè, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí, tòótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ méjì kí wọ́n tó pe padà. Mi ò bínú sí wọn o. Ọdún mélòó ni wọ́n fi bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n fún àwọn lẹ́nìkan tí àwọn máa kọ́ níṣẹ́ yẹn, wọ́n ní kò sówó.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó pín jọ̀lọ́ọ̀fù ìdágbére, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń lọ àtẹni tó kù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n jọ wo agent kọ̀ọ̀kan, orúkọ ta ló wà lára ẹ̀, níbo ni fáìlì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo nǹkan mìíràn, ẹ má rò pé ó yọ yín sílẹ̀, ẹ lọ wo orúkọ ẹni tí tiyín náà fi ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kejìlá ni Màmá tó gbowó wọn. Mo sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà, látòkèdélẹ̀. Wọ́n ka owó wọn tán, wọ́n so ó mọ́ ìbàdí, wọ́n wá bi mí pé ta ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù yẹn báyìí. Mo ní èmi àti ẹnìkan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó pé mẹ́ta."

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Ìbarà, Abẹ́òkúta.