Wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín ọmọ mi, ṣùgbọ́n oògùn kò tán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Mo dúpẹ́. Èmi náà ti pọn ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn rí, mo mọ bó ṣe máa tu òbí lára tó. Àwa tí ọmọ wa ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ńkọ́?

Ọmọ mi, Àjàní, ti pé ọdún méje. Láti inú oyún ni awọ kan ti dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ ń padà sókè títí ó fi ba kíndìnrín méjèèjì jẹ́. Bàbá rẹ̀ ló yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, gbogbo àdúgbò bá wa jó, wọ́n ní wàhálà ti tán. Àwọn tó dáwó fún wa náà gbà bẹ́ẹ̀, a ò sì mọ bí a ṣe máa sọ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àlejò ni kíndìnrín yẹn lára ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń lé olè ni ara rẹ̀ máa lé e bí a bá dá oògùn dúró. Tacrolimus ni wọ́n ń pe èyí tó ṣe pàtàkì jù. Aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́, lójoojúmọ́. Bí fóònù mi bá ti dún, Àjàní á na ọwọ́, á kà á sókè, "Ení, èjì," á gbé e mì, á wá la ẹnu kí n wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ kó máa la ẹnu o. Ilé ìwòsàn ló ti mọ̀ ọ́n.

Oògùn yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè bá àìsàn jà. Ara gbígbóná tí ọmọ ẹlòmíràn fi ń ṣeré, òru ni àwa fi ń gbé e dé ilé ìwòsàn. Èéyi ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, wọn ò sì lè gún un fún ọmọ mi mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gún tàwọn ọmọ yín, kí wọ́n má baà kó o ran tèmi. Olùkọ́ kan fún Àjàní ní ibuprofen nígbà tí orí ń fọ́ ọ. Àánú ló ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀tá kíndìnrín ni oògùn yẹn. Ìyá ọkọ mi náà gbé àgbo wá nínú ìgò láti Ọ̀yọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ dákun, àdúrà yín ni kẹ́ ẹ fún un mu." Wọ́n wò mí títí, wọ́n dà á nù fúnra wọn.

Òkè òkun ni oògùn ti ń wá; bí dọ́là bá ti gbéra, òun náà gbéra. Lóṣù tó kọjá ó ku ti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ta ànkárá ní iye tí mo rà á, mo sì dé ṣọ́ọ̀bù oògùn mẹ́rin kí n tó rí i.

Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún aláìní, àgbàlagbà, aboyún àtàwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ bá wa bẹ ìjọba kí wọ́n fi oògùn àwọn ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún sínú rẹ̀, iye ọdún yòówù kí wọ́n jẹ́. Bí oògùn bá já, kíndìnrín á bàjẹ́, ìdí ẹ̀rọ tí ìjọba ń bá wa sanwó rẹ̀ náà ni Àjàní máa padà sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kù lára bàbá rẹ̀.

Ìyá Àjàní,
Ìbàdàn