Lẹ́tà sí Ìyá Tọ́lá

Ìbàdàn.

Ìyá Tọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Mo rí àwòrán iṣẹ́ àṣetiléwá Tọ́lá tí o fi ránṣẹ́. O ní y = mx + b, ìdọ́gba ìlà gbọọrọ tó wà níbẹ̀, ń dà ọ́ láàmú, pé c ni wọ́n fi kọ́ àwa dípò b. Má mikàn, ọ̀kan náà ni. Ibi tí ìlà ti gba orí òpó y kọjá ni méjèèjì ń tọ́ka sí. m kò yí padà, bí ìlà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ sí ló ń sọ: slope tiwọn ni gradient tiwa.

Fi ooru tí o ń ráhùn lé lórí kọ́ ọ. Nígbà tí o ní ó ti di 95, àyà mi já, àṣé Fahrenheit lò ń kà! Celsius làwa ń lò, ìlà gbọọrọ kan ló sì so méjèèjì pọ̀. Kí Tọ́lá fi C sí ìsàlẹ̀ gráàfù, kó fi F sí ẹ̀gbẹ́. Omi ń di yìnyín ní 0 tiwa, 32 tiyín; ó ń hó ní 100 tiwa, 212 tiyín. Àmì méjì nìyẹn: (0, 32) àti (100, 212). Ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ló lè gba orí méjèèjì kọjá.

Kó yọ 32 kúrò nínú 212, ó ku 180. Kó yọ 0 kúrò nínú 100, ó ku 100. Kó wá fi 100 pín 180: m di 1.8. Kó dúró síbẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe ìpín yìí láìmọ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé bí Celsius bá fi 1 gòkè, Fahrenheit á fi 1.8 gòkè, ibi yòówù ká wà lórí ìlà náà. Àmì tó bá sì ṣáájú lókè ni kó ṣáájú nísàlẹ̀ o! Bó bá kọ 212 − 32 sórí 0 − 100, ìlà tó ń gòkè á di èyí tó ń sọ̀kalẹ̀.

Ní ti b, ó ti wà nílẹ̀: bí C bá jẹ́ 0, F jẹ́ 32. Ìdọ́gba wa ni F = 1.8C + 32. Wo 95 rẹ: yọ 32, ó ku 63, fi 1.8 pín in, ó di 35. Ṣé torí 35 lo ṣe ń pariwo? Kí làwa tá a wà ní Ìbàdàn lóṣù kẹta fẹ́ wí?

Bó bá jẹ́ (2, 7) àti (5, 16) ni wọ́n fún un, m á jẹ́ 9 tá a fi 3 pín, ìyẹn 3. Kó fi àmì kan sínú rẹ̀: 7 = 3 × 2 + b, b di 1. Kó fi ìkejì yẹ̀ ẹ́ wò, 3 × 5 + 1 jẹ́ 16. Ìlà tó sùn gbalaja, 0 ni m rẹ̀. Èyí tó dúró ṣánṣán kò ní m rárá, torí a kì í fi 0 pín nǹkan.

Mo ní iṣẹ́ kan fún Tọ́lá: níbo ni C àti F ti jẹ́ nọ́ńbà kan náà? Kó yanjú x = 1.8x + 32, kó má lọ bi Google o. Mò ń retí ìdáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp. Bá mi kí Bàbá Tọ́lá.

Tìrẹ ni tòótọ́,
Ìyá Dàmọ́lá