Ẹ jọ̀ọ́ olóòtú, ẹ má tẹ ojú afurasí jáde mọ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àmọ́ fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sójú ìwé àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n sùn. Ọmọkùnrin mẹ́rin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́, wọ́n to àdá àti ìbọn síwájú wọn, ojú gbogbo wọn hàn kedere, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọwọ́ tẹ adigunjalè. Wọn ò tíì dé kóòtù o. Kò tíì sí ìkankan nínú àwọn tí wọ́n jà lólè tó wá wò wọ́n pé àwọn ni àbí àwọn kọ́.

Àwọn kan á ní ṣé mo fẹ́ gbèjà olè ni. Rárá o, wọ́n ti ja èmi náà lólè rí. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọmọkùnrin kan já fóònù gbà lọ́wọ́ mi lálẹ́, ojú èmi àtiẹ̀ ṣe mẹ́rin dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n pè mí ní tẹ́ṣàn, IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ mi, mú ọmọ kan ṣoṣo jáde látinú sẹ́ẹ̀lì, kò wọ bàtà, ó ń fọwọ́ di ṣòkòtò ẹ̀ mú níwájú, mo rò pé torí wọ́n gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ̀ ni. IPO ní, "Màmá, ṣé òun nìyí?" Mo ní òun ni. Ó dá mi lójú débi pé mo lè búra. Àfìgbà tí ìyá ọmọ yẹn kó ìwé ọsibítù dé, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n já fóònù mi gbà yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì lọmọ ẹ̀ wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni. Ojú abẹ yẹn ló ń fọwọ́ dì mú lọ́jọ́ tí mo ní òun ni.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka ohun táwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ṣèwádìí ẹ̀ lórí ẹlẹ́rìí, torí mo fẹ́ mọ bí èmi tí mi ò parọ́ ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ṣẹlẹ̀ ní Australia láàárín àwọn ọdún 1970. Obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nílé ẹ̀ ní Donald Thomson ló ṣe é. Onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ni Thomson yìí, bí ẹlẹ́rìí ṣe ń rántí nǹkan gan-an niṣẹ́ ẹ̀. Ọlọ́pàá mú un. Àmọ́ lásìkò tí wọ́n ṣe obìnrin yẹn báyẹn, orí tẹlifíṣọ̀n ni Thomson wà, ètò tó ń lọ lọ́wọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Àṣé tẹlifíṣọ̀n lobìnrin yẹn ń wò nígbà tẹ́ni ibi yẹn já wọlé, ojú tó ń wò lọ́hùn-ún ló wá lẹ̀ mọ́ ìyà tó jẹ ẹ́. Ó rí ojú Thomson lóòótọ́, ibi tó ti rí i ló yí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Olóòtú, ẹ bá mi fi èyí wé fọ́tò yín. Ẹni tí wọ́n jà lólè ra ìwé ìròyìn láàárọ̀, ó rí ojú mẹ́rin, wọ́n ti kọ adigunjalè sí i, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n pè é kó wá mú ẹni tó jà á lólè. Èwo ló fẹ́ mú, ojú tó rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni àbí ojú tó rí nínú ìwé ìròyìn?

Kì í ṣe fọ́tò nìkan, ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an ń ṣe é. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì làwọn náà, fi fíìmù mọ́tò tó forí sọra han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi àwọn kan pé eré mélòó làwọn mọ́tò yẹn ń sá nígbà tí wọ́n gbára wọn, wọ́n bi àwọn kan pé nígbà tí wọ́n rún mọ́ra wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Gíláàsì kankan ò fọ́ nínú fíìmù yẹn, síbẹ̀ nínú àwọn 50 tó gbọ́ "rún", 16 ní àwọn rí i, nínú 50 tó gbọ́ "gbá", 7.

Ẹ sì wo ti Ronald Cotton ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, Jennifer Thompson tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń wo ojú ẹni yẹn kó lè dá a mọ̀ lọ́la. Ó mú fọ́tò Cotton pé òun ni, ó tún mú un nígbà tí ọlọ́pàá to àwọn ọkùnrin kan síwájú ẹ̀, Cotton nìkan sì lojú ẹ̀ wà níbi méjèèjì, ọlọ́pàá wá sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà ló tún mú yẹn, ọkàn ẹ̀ wá balẹ̀ pátápátá. Wọ́n mú Bobby Poole tó ṣe é gan-an wá síwájú ẹ̀ ní kóòtù, ó ní òun ò rí i rí. Cotton lo ọdún tó lé ní 10 lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA, èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara dá èèyàn mọ̀, tó yọ ọ́ ní 1995.

Àwa Yorùbá ní ìròyìn ò tó àfojúbà, òun náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wúwo báyẹn ní kóòtù. Àmọ́ àfojúbà ò ní kí wọ́n má ba ojú jẹ́ lẹ́yìn tó ti rí i. Ohun táwọn onímọ̀ yìí ń sọ ò le: kí wọ́n to afurasí mọ́ àwọn tó jọ ọ́, kí ọlọ́pàá tó ń darí ẹ̀ má mọ èwo ni afurasí, kí wọ́n sọ fẹ́lẹ́rìí pé ẹni yẹn lè má sí níbẹ̀ rárá. Ká ní wọ́n sọ gbólóhùn kan yẹn fún mi ni, mi ò bá má sọ pé ọmọ yẹn ni. Òfin Èkó tí wọ́n tún ṣe ní 2021 sì ti ní kí ọlọ́pàá yé kó afurasí síwájú oníròyìn, ẹ ò wá ní dúró de òfin ìpínlẹ̀ tiwa kẹ́ ẹ tó bo ojú èèyàn nínú fọ́tò.

Àwọn mẹ́rin tẹ́ ẹ ti tẹ̀ jáde yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tẹ̀ lé ẹjọ́ wọn dé ìparí, tí kóòtù bá sì dá ìkankan nínú wọn sílẹ̀, ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìbàdàn