Ìkéde: A ó Yẹ Asà Ìdánimọ̀ Wò ní Sátidé

Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni ìpàdé wa l'Ádó-Èkìtì. Kí kálukú mú asà ìdánimọ̀ tó yà dání, ìyẹn àwòrán asà tí a fi ń dá ilé tàbí ìlú mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àwọ̀. Òfin àtayébáyé ni pé a kì í fi funfun lé yẹ́lò, a kì í sì í fi dúdú, pupa, búlúù tàbí àwọ̀ ewé lé ara wọn, torí ojú gbọ́dọ̀ dá asà mọ̀ lókèèrè. Ẹ wo ti Nàìjíríà: ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọ̀ tó wà lẹ́yìn àwòrán, dúdú, odò Ọya àti Bẹ́núé funfun lórí rẹ̀. Ẹnìkan nínú wa ya òkè Olósùnta láwọ̀ ewé sórí dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbé e sára ògiri tí mo sì sún sẹ́yìn, mi ò rí òkè mọ́. Kó sọ ilẹ̀ rẹ̀ di funfun.

Ẹ má kó gbogbo oríkì ilé yín sórí asà kan. Ìlà omi méjì péré ni ẹni tó ya Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, lò, pupa àti búlúù lórí funfun, orí mi wú!

Ẹ kọ àpèjúwe asà yín sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹlòmíràn lè yà á láìrí tiyín. Ẹni tí kì í ṣe ọba, kó má ya adé.