Ẹ lẹ fọ́tò wọn mọ́ ògiri ààfin

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn èèyàn tuntun tí ìjọba fẹ́ gbà kún Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá. Iye ìbọn àti iye mọ́tò ni ẹ kà fún wa jù. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ sójà fún ọdún mẹ́rìnlélógún fẹ́ bi yín: ta ni wọ́n fẹ́ gbé ìbọn náà lé lọ́wọ́?

Mo wà ní Làìbéríà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2006. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa nínú iṣẹ́ ti ṣáájú wa débẹ̀, nígbà tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia lóṣù Kẹjọ 1990. Wọn kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan, fi wá mú Ààrẹ Làìbéríà, Samuel Doe, nínú ọgbà ECOMOG gan-an. Sójà àlejò lè dúró síkorítá tọ̀sán tòru, kò ní mọ ọmọ ẹni tó ń kọjá. Ará ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí ogun parí ní 2003, wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ ká, wọ́n ní àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú nǹkan bí 2,000 èèyàn. Iléeṣẹ́ aládàáni kan, DynCorp, ni Amẹ́ríkà gbéṣẹ́ náà fún. Kò tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn dòní. Ta ló ń gbé iṣẹ́ ogun fún agbaṣẹ́ṣe? Ṣùgbọ́n ohun kan tí wọ́n ṣe wọ̀ mí lọ́kàn. Fọ́tò àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ káàkiri ìlú, wọ́n ń gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn nígbà ogun wá sọ ọ́. Mo rí ìyá kan tó dúró níwájú fọ́tò wọ̀nyẹn, tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sọ̀rọ̀. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Nàìjíríà, Ọ̀gágun Suraj Abdurrahman, ló darí ẹgbẹ́ tuntun náà láti 2007 títí di 2014, kó tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Làìbéríà, Daniel Ziankahn. Ọdún méje! Àwa ń sọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú àgọ́.

Láti ìgbà tí àwọn gómìnà wa ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn lóṣù Kìíní 2020 ni inú mi ti ń dùn sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fẹ́ gbèèyàn, kí fọ́tò wọn wà lára ògiri ààfin, ní gáréèjì àti lẹ́nu ọ̀nà ọjà fún oṣù kan gbáko. Kí ibi ìkọ̀kọ̀ sì wà tí ẹni tó bá ní ẹjọ́ yóò gbà wọlé, nítorí ẹni tí wọ́n torí ẹ̀sùn lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè máa wá ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn kiri.

Bébà àti gọ́ọ̀mù nìkan ni yóò náni lówó. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò lẹ ti àdúgbò Tàkíè nílùú wa níbí, mo ní àkàbà nílé.

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́