Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Olóòtú,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn tó ń múra ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ nínú igbó (adventure race, tí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ máa ń fi máàpù wá ọ̀nà tọ̀sán-tòru): ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá tutù pẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á funfun, á hunjọ, á sì bó. Kí olúkúlùkù mú ìbọ̀sẹ̀ 3, kí ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tí ẹ so pinpin, fún oorun nìkan. Ibi tó bá ti ń ta yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní pílásítà kó tó léròrò.

Ẹni 4 ló sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọn ò sì gbọdọ̀ pínyà; ẹrù ẹni tó bá rẹ̀ ni kí ẹ pín gbé. Kí ẹni 2 mọ máàpù lò, torí oorun lè kun ẹnì kan lóru. Ẹ fi òkè Bower's Tower dánra wò, pẹ̀lú ẹrù kíkún lẹ́yìn.