Fọ́ọ̀mù àmì ẹ̀yẹ tó ń ti òkè òkun wá: orúkọ ta ni ká kọ sí i?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kan ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, Maitama, Garki àti Jabi, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní ìlú ọba. Lọ́dọọdún ni fọ́ọ̀mù náà máa ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi orúkọ òṣìṣẹ́ tó ti ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà fún àwọn ènìyàn dúdú ránṣẹ́, kí wọ́n lè fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbà á ní Àbújá. Ta ni kì í ṣe ènìyàn dúdú níbí? Láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì, àwọ̀ kan náà ni. Bí ẹ̀rín bá tán, ọ́fíìsì kan á pa fọ́ọ̀mù náà tì. Òmíràn á kọ orúkọ ẹni tí ọ̀gá fẹ́ràn sí i, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ aláápọn ni, ó parí.

Ẹ̀ka tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí wà, a sì mọ̀ pé kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá. Ní 1926 ni òpìtàn Carter G. Woodson dá ọ̀sẹ̀ ìtàn àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó fi í sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì nítorí pé ibẹ̀ ni ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Abraham Lincoln, ààrẹ tó kéde òmìnira ẹrú, àti ti Frederick Douglass, ẹni tó bọ́ lóko ẹrú tó sì jà fún òmìnira, bọ́ sí. Ní 1976, ọ̀sẹ̀ náà di odidi oṣù. Láti 1987 ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn ní ìlú ọba, oṣù kẹwàá ni wọ́n sì fi sí. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan fi ń dé lẹ́yìn ọdún tuntun, tí ti òmíràn ń dé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ti ibi iṣẹ́ gan-an, ọ̀dọ̀ Xerox, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìdàkọ ní Amẹ́ríkà, ni àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ ní 1970, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1964 ní Rochester, ìlú tí wọ́n ti dá Xerox sílẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá pa ọkùnrin dúdú kan, George Floyd, ní Minneapolis ní oṣù karùn-ún 2020, ilé iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlérí ètò fún àwọn òṣìṣẹ́ dúdú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó sì di oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àwọn àṣẹ tó dojú kọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan pa tiwọn rẹ́, àwọn kan yí orúkọ rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ ti ènìyàn dúdú léṣìí bá ń jẹ́ ti gbogbo ará lọ́dún yìí. Ẹ ka ìbéèrè inú rẹ̀, ẹ fi orúkọ orí rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí nínú ìbéèrè náà. Wọn kò ní kí a mú ènìyàn dúdú wá. Wọn ò tilẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀, torí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ní Amẹ́ríkà kò gbà kí ilé iṣẹ́ fi àwọ̀ ara ṣe ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́. Òyìnbó lè gba àmì ẹ̀yẹ náà, wọ́n sì ń gbà á. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tí fọ́ọ̀mù ń wá ni ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí wọ́n tì í mọ́ níta. Bí ẹ bá ti gbà á bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó bá Àbújá mu ni pé: ta ni ilẹ̀kùn tì mọ́ níta níhìn-ín?

A ò ní wá a jìnnà. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwárí, ló wà lórí ilẹ̀ yìí kí òfin tó dá olú ìlú sílẹ̀ tó jáde ní oṣù kejì 1976. Kubwa tí à ń gbé lónìí, ibi tí wọ́n kó àwọn kan nínú wọn lọ ni. Ẹ wo àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Borno tí wọ́n ń gbé inú àgọ́ ní Durumi. Ẹ wo adití tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, tí ẹnikẹ́ni kò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rí. Òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe nǹkan gidi fún irú àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó lè jẹ́ ọmọ Kánò, ó sì lè jẹ́ òyìnbó tó wá ṣe kọ́ńtíráàtì ọdún méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ohun tí òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gba àmì ẹ̀yẹ lé lórí. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá gba aláàbọ̀ ara méjì síṣẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ kò tíì dé ibi tí òfin fi sí, ká má tíì sọ pé ká pàtẹ́wọ́ fún un.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni ohun tí ẹ máa kọ. Ojú ìwé kan ti tó, ìbéèrè mẹ́rin péré ni kí ó dáhùn: kí ló ṣe, ta ló ṣe é fún, láti ìgbà wo dé ìgbà wo ló ṣe é, kí ló sì yí padà? Bí ẹ bá kọ pé ó fẹ́ràn ènìyàn, ó sì ní ọyàyà, ìgbìmọ̀ òkè òkun á ka ìlà méjì, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní ẹ kọ báyìí: láti oṣù kẹta dé oṣù kọkànlá, Sátidé méjì lóṣù, wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó kọ́ ọmọ 14 ní ìṣirò nínú àgọ́, mẹ́sàn-án nínú wọn ti wọ ilé ìwé girama. Ẹni tí kò mọ Àbújá rí á lóye ìyẹn. Iye Sátidé jẹ́ 18, wákàtí rẹ̀ jẹ́ 54. Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó jàǹfààní iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó kọ ọ́.

Pípe àwọn ẹni méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Akọ̀wé á pè láti inú ọ́fíìsì ní Maitama, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá bàbá tó gbọ́ Haúsá nìkan sọ̀rọ̀. Bàbá á ní "to, to" (ó dáa, ó dáa), wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́rìí sí i. Kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, ó kàn ń fi ìwà ọmọlúàbí dá wọn lóhùn ni. Ẹni tó gbọ́ èdè wọn ni kí ó pè, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí ni pé, "Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

Bí ohun tó ṣe bá jẹ́ èyí tí a lè fi ojú rí, kí ẹnì kan lọ wò ó. Ẹ jẹ́ ká mú kànga ẹ̀rọ ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ jù nínú fọ́ọ̀mù apá òkè ọya. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kì í ṣe ẹ̀rí. Rọ́bà inú ẹ̀rọ tí à ń fi ọwọ́ fà máa ń jẹ. Bí ó bá ti jẹ, omi ò ní gòkè mọ́, bí abúlé kò bá sì ní sípánà àti owó rọ́bà tuntun, ó di ìdúró. Nítorí náà, ẹ lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí sípánà wà, ẹni tó ń kó owó àtúnṣe jọ, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí orúkọ mẹ́ta bá jáde kíákíá, òṣìṣẹ́ yẹn ṣe iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, kànga àṣehàn lásán ni.

Ti òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn náà rọrùn láti yẹ̀ wò. Ní ìlú ọba, wọ́n ń wá ènìyàn dúdú tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lójú méjèèjì, torí irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro, tí àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde nílò, wọ́pọ̀ lára wa ju ti òyìnbó lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá kó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ń gba oríyìn lọ́hùn-ún; kò sí ìdí tí ti Gwagwalada níhìn-ín kò fi ní kà, níbi tí àìsàn náà ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò ni kí ẹ fi dán an wò. Ní ìlú ọba àti ní Nàìjíríà, ọkùnrin kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù mẹ́ta, obìnrin ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́rin. Ọkùnrin tó bá ní òun fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́dún kan, irọ́ ló ń pa, tàbí kí ibi tí wọ́n ti gbà á máa ṣe ohun tí kò yẹ. Ẹ gba káàdì rẹ̀, ẹ ka ọjọ́ inú rẹ̀.

Ní ti yíyan ẹni tó máa borí láàárín ara yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìbò lórí WhatsApp. Ní Àbújá, ìbò bẹ́ẹ̀ á di ìkànìyàn ẹ̀yà kí ilẹ̀ tó ṣú: Yorùbá á dì í fún Yorùbá, Haúsá fún Haúsá, Igbo fún Igbo, ẹ̀yà tó bá pọ̀ jù lọ́fíìsì ló borí. Ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún sàn jù ú lọ: ẹnì kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó, dírẹ́bà kan, ẹnì kan láti ẹ̀ka Kánò tàbí Maiduguri, ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín rárá, àti ẹnì kan mìíràn; kí obìnrin jẹ́ méjì ó kéré tán nínú wọn. Ẹ bo orúkọ àti ìpínlẹ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ yàn kí wọ́n tó ka fọ́ọ̀mù. Máàkì 40 fún ohun tó yí padà, 25 fún bí ó ti pẹ́ tó, 20 fún pé ó kọ́ ẹlòmíràn kí iṣẹ́ náà má bàa kú bí òun bá kúrò, 15 fún ìnira tó fara dà. Kí kálukú fún ní máàkì tirẹ̀ lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ ti tú ká nìyẹn. Níbi tí máàkì ẹni méjì bá ti fi ju 20 lọ yàtọ̀, kí gbogbo wọn tún fọ́ọ̀mù yẹn kà. Ẹni tó bá ti gbà á, kí ó sinmi fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Pátákó onígíláàsì kò tó gbogbo owó tí wọ́n ń ná lé e. Ìsinmi ọjọ́ márùn-ún tí wọn kò yọ kúrò lára owó oṣù wúlò jù, tàbí owó tí ó lọ tààrà sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Àìsan owó fún irú iṣẹ́ yìí ló ń fa àárẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí LinkedIn fi kéde ní 2021 pé àwọn yóò máa fún àwọn adarí irú ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń dá sílẹ̀ bíi ti Xerox ní dọ́là 10,000 lọ́dún. Ọ́fíìsì ìjọba tó bá fẹ́ ṣe irú ètò yìí, kí wọ́n má jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe gbé ẹ̀bùn wá. Àfikún Karùn-ún inú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ẹ̀bùn tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba ṣe sí ohun tó lòdì sí ìlànà, àyàfi bí ẹni tó gbà á bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí ẹ máa fi àmì ẹ̀yẹ náà fúnni. Ààwẹ̀ Ramadan máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, ní 2026 àárín oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ní àsìkò yẹn, ìdajì àwọn tí ẹ ń yẹ́ sí ló máa jókòó láìjẹun. Ẹ má fi í sí ọ̀sán Jímọ̀ náà. Bí ẹ bá sì máa ya fọ́tò àwọn ọmọ inú àgọ́, kí òbí wọn fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbé e jáde, torí òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni ti 2023 kan ilé iṣẹ́ yín pẹ̀lú.

Ó ku ẹni kan tí fọ́ọ̀mù kì í rí: agbálẹ̀, dírẹ́bà, àti àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n síṣẹ́ tó fi wọ́n ránṣẹ́, nítorí náà orúkọ wọn kò sí lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín, fọ́ọ̀mù á sì ní òun kò mọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nyanya, Mararaba àti àwọn abúlé etí ìlú sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, láàárín àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ níta gan-an. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ, ẹ kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ yín, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, pé kí wọ́n ṣí àyè fún òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ mìíràn gbà síṣẹ́. Ìlà kan péré ni wọ́n máa fi kún un.

Àwa òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ kan,
Wuse, Àbújá.